Bíńtín Lára Ẹ̀dọ̀ Ràmọ́nù

Èmi ni mo ní kí Ràmọ́nù má gbà kí wọ́n gún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíì bá mi sọ ọ́. Dókítà ti ṣàlàyé títí, Zeenat ọmọ rẹ̀ ti sunkún títí, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì ti ń mi orí pé òun gbọ́. Ìgbà tí wọ́n jáde tán ni mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo ní, ẹ má gbà o, ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ tí wọ́n ń bù tọ́ wò. Mo tún da omijé díẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn rò pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí.

Irọ́ ni. Àánú ara mi ló ń ṣe mí. Kẹ́ẹ̀gì àgbo kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ṣómólú, inú rẹ̀ ni mo ti ń bù fún un mu láàárọ̀ àti lálẹ́ láìsọ fún ẹnì kan. Dókítà sì ti wò mí lójú, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé wọ́n ń mu àgbo?" Kò tíì pa ẹnu dé tí mo fi ní rárá. Mo wá rò ó nínú ara mi pé bí abẹ́rẹ́ yẹn bá wọlé, tó bá bu nǹkan jáde, orúkọ mi ni wọn yóò bá níbẹ̀ gàdàgbà: Sìmbíátù, ìyá Awwal, ìyá àgbà tó ń ká ìwé ní Ṣómólú, òun ló ṣe é. Ẹ wo irú orí tí mo gbé sọ́rùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Nọ́ọ̀sì kan ti kọ́kọ́ bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Ọkọ mi kọ́, torí ọkọ tèmi ti kú tipẹ́, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ìwé ló pa èmi àti Ràmọ́nù pọ̀. Òun ló ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn Onípanu, èmi sì ń ká ìwé tó bá tẹ̀ jáde, mo ń tò ó, mo ń rán an, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kàlẹ́ńdà, jọ́tà àwọn ọmọ ilé ìwé, ìwé ìpè sí ìsìnkú àwọn tá ò mọ̀ rí, gbogbo rẹ̀ la jọ ṣe. Lójú rẹ̀, Bàbá Zeenat ni mo máa ń pè é. Nínú ikùn mi nìkan ni mo ti ń pè é ní Ràmọ́nù, mo sì ń pè é lọ́pọ̀ ìgbà níbẹ̀.

Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, yóò fi kẹrosíìnì fọ yíǹkì kúrò lọ́wọ́, yóò fi ọṣẹ fọ kẹrosíìnì kúrò, lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ká ìwé rí mọ̀ pé etí ìwé máa ń ya ìka bí abẹ. Ràmọ́nù yóò gba ọwọ́ mi, yóò fi òrí pa ojú ibi tó ya lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń tu ọmọ kékeré nínú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí mi, tí wọ́n bá fẹ́ atẹ́gùn sí ọ níka, o ò ní fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ó ti ń sọ ọ́ pé òun yóò lọ bá Awwal ọmọ mi, kí wọ́n pe àwọn alùfáà, kí wọ́n so yìgì wa láìpariwo.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ṣàdédé lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kejì. Mo rò pé oòrùn ń pa á níbi tá a máa ń jókòó ni. Mo sún tọ̀ ọ́ lọ, ó dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yìgì kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo ní, ó dáa, òórùn gọ́ọ̀mù ló lé e. Mo fi kànrìnkàn bó ara mi bí ẹni ń fọ ìkòkò, mo fi turárí kun aṣọ, kò sún mọ́ mi. Ni mo bá lọ sí Fádèyí, mo ra kọ́mú tuntun, irú èyí tí ń ti nǹkan sókè. Ọmú tó ti ń wo ìdodo láti àìmọye ọdún, mo gbé e dìde, ó ń wo òfuurufú. Awwal rí mi bí mo ṣe ń rìn, ó bi mí bóyá ọrùn ló ń dùn mí. Ràmọ́nù ní tirẹ̀ wò mí láti orí bẹ́ńṣì kejì, ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Kò sún. Mo délé, mo tú kọ́mú náà kalẹ̀, mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ara mi rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín ni mò ń rín mọ́.

Ìgbà tó yá ni ibà mú un. Ibà náà ń lọ, ó ń bọ̀, ẹran ara rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ṣòkòtò rẹ̀ di ohun tó ń fi okùn so. Nígbà tí ẹyin ojú rẹ̀ wá pọ́n bí epo tó léfòó sójú omi, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Mo sè é: ewé ìbẹ́pẹ, dóńgóyárò, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, egbò kan tí ìyá alágbo tó ń tà ní Bàrígà ní òun kò lè sọ orúkọ rẹ̀, mo sì fi omi ògì tó kan po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ń rùn. Ràmọ́nù ń mu ún láìfa ojú ro. Mo bi í bí kò ṣe korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi ni òun ń mu, òun kò mu àgbo.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló ṣubú sí. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ sì ni èmi àti Zeenat ti kọ́kọ́ jókòó pọ̀. Tíṣà ni Zeenat, Bàrígà ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé, "ìyá yẹn" ló sì máa ń pè mí tó bá ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, Ràmọ́nù ní kí Zeenat jáde, kí n jókòó.

"Sìmbí, kòkòrò éèdì wà lára mi," ó ní. "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ìdí tí mo fi ń sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ nìyẹn."

Ó sọ ìyókù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti sọ fún un ní ilé ìwòsàn kan ní Bàrígà, wọ́n sì ti fún un lóògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Ó ń lò ó. Ọjọ́ kan ló lọ gba òmíràn, tó rí obìnrin ojúlé kejì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ìtìjú ló pa oògùn náà kú lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkòrò wá rí àyè jẹ gbogbo sójà tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ tán, ó sì ti di éèdì gan-an.

Kí ni ẹ rò pé mo sọ? Obìnrin tó gbọ́n ìbá ti ṣàdúrà. Mo ní, "Èmi rò pé kọ́mú yẹn ló lé yín." Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò wá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó yẹ kí n jó lọ sílé. Gbogbo ohun tí mo rí lójú ni bẹ́ńṣì kejì yẹn, àti gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi bínú sí ọkùnrin tó ń dáàbò bò mí.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ń jẹ́ Ìfẹ́dayọ̀, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, tí gíláàsì ojú rẹ̀ kì í dúró lórí imú. Ó pè wá jọ, ó ní ibà kò fẹ́ lọ. Wọ́n ti yẹ itọ́ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, ó mọ́. Ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń wú, òun ló sì ń bàjẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ kòkòrò mìíràn tó sá pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí kò sí sójà mọ́. Ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n fún un. Ó sì lè jẹ́ ohun kan tó ń mu. Ìtọ́jú ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì, tí wọ́n bá sì ṣì í mú, òun náà lè pa á. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba ìhà ọ̀tún wọlé, kí wọ́n mú bíńtín lára ẹ̀dọ̀ náà, kí wọ́n wò ó. Ibẹ̀ ló ti bi mí ní ìbéèrè àgbo, ibẹ̀ ni mo ti purọ́. Ẹ ti mọ ohun tí mo lọ sọ sí Ràmọ́nù létí. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó wá sọ fún Dókítà pé òun kò ṣe.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Òjò ti ń rọ̀ láti ìgbà náà, òrùlé ilé iṣẹ́ sì ń jò. Ràmọ́nù kì í gba ojú rímù ìwé gbọ́ nígbà òjò. Kó tó gbé rímù kan sórí ẹ̀rọ, yóò ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, yóò fa ìwé kan yọ, yóò fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá tutù, ó ti mọ̀ pé omi ti wọ inú, bó ti wù kí tòkè gbẹ tó. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò mọ ìyẹn. Ojú rímù ló wò, ó gbé e sí i, ẹ̀rọ sì ń ya ìwé bí ajá ń ya àkísà. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí, mò ń ṣa èyí tó ṣì dáa nínú èyí tó ti bàjẹ́, nígbà tí Zeenat wọlé.

Ó kúnlẹ̀ sáàárín ìwé yẹn tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn. Tiyín ló ń gbọ́. Ẹ bá mi sọ fún un kó gbà."

Kò pè mí ní mà rí. Ẹnu bàbá rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ yẹn gan-an. Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, mo wò ó, mo dìde. Mo ní kó máa lọ, mò ń bọ̀. Ilé ni mo gbà lọ, mo fa kẹ́ẹ̀gì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e lé itan, mo wọ kéké.

Ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà kò dé dáadáa. Gbogbo gegele tí kéké bá gùn ni àgbo ń ta sí mi lára. Ọkùnrin tó jókòó tì mí kọ́kọ́ fi imú sí ìta, ó wá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ. Awakọ̀ bi mí bóyá òbúkọ ni mo gbé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni òbúkọ náà.

Orí tábìlì Dókítà Ìfẹ́dayọ̀ ni mo gbé e kà. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ àti gbogbo ohun tí mo ti ṣe, mo sì ń dúró kó lé mi. Ó ṣí i, ó gbóòórùn, gíláàsì rẹ̀ yọ̀ bọ́ sí àgbọ̀n. Ó ní ó dáa bí mo ṣe sọ ọ́, kí Ràmọ́nù máà tún mu ún mọ́, àwọn yóò sì kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dì dáadáa kí wọ́n tó gún un. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo kẹ́ẹ̀gì kó sọ pé òun ló ṣe é. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ wo ẹ̀dọ̀ náà gan-an nìyẹn.

Mo lọ bá Ràmọ́nù lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀, eékún mi sì dún kèékèé bí igi gbígbẹ. Mo ní, Bàbá Zeenat, kì í ṣe torí yín ni mo fi ní kẹ́ ẹ má gbà. Torí àgbo mi ni. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

"Mo mọ̀," ó ní. "Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló pa mí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

Mo sunkún, mo fi etí ìborùn nu imú, ìborùn sì ti mu àgbo, ni mo bá ń sín. Nígbà tí mo sín tán, mo bi í pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ojú rímù gbọ́. Ó pa ojú dé. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá fa ti àárín yọ.

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Mo gbọ́ tí Dókítà ní kó mí síta, kó dá èémí dúró. Èmi náà dá tèmi dúró lóde, mo gbàgbé láti mí padà, Zeenat ló gbá mi lẹ́yìn. Wọ́n fi ohun tí wọ́n mú hàn mí nínú ìgò: kò tó òwú tí mo fi ń rán ìwé. Mo bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá wò ó tán, kí wọ́n dá a padà fún mi, kí n rí i bò mọ́lẹ̀. Láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ wa pé ohun tó bá jáde lára ènìyàn, ìbáà ṣe èékánná, ilẹ̀ ló ni ín. Dókítà ní kò ní ṣẹ́ kù tó bẹ́ẹ̀. Wọn yóò rì í sínú ìda tí wọ́n yọ́, wọn yóò gé e pẹlẹbẹ, wẹ́wẹ́ ju ìwé èyíkéyìí lọ, wọn yóò fi aró pa á, wọn yóò sì fi gíláàsì tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó. Mo ní, ó dáa, iṣẹ́ wa náà ni, ẹ máa ṣe é lọ.

Lẹ́yìn náà, Ràmọ́nù gbọ́dọ̀ fi ìhà ọ̀tún dùbúlẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, kò sì gbọdọ̀ mira, kí ojú ibẹ̀ má baà ṣẹ̀jẹ̀. Mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì títí orúnkún mi fi kan irin rẹ̀. Ó wò mí, ó fẹ́ fà sẹ́yìn. Mo ní, ẹ gbọ́ ohun tí Dókítà wí, ẹ ò gbọdọ̀ sún. Mo ki ọwọ́ mi bọ inú tirẹ̀. Ó gbóná, egungun lásán ni, yíǹkì ṣì wà lábẹ́ èékánná kan tí kẹrosíìnì kò dé rí. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ní ó lè yí padà, inú mi kò sì dùn pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Èsì pẹ́ kó tó dé. Ibà ń mú un, mo ń fi aṣọ tútù nù ún, ẹ̀rù àgbo mi sì ń bá mi sùn, ó ń bá mi jí. Nígbà tó dé, Dókítà Ìfẹ́dayọ̀ kò jókòó kó tó sọ ọ́. Ikọ́ àwúgbẹ ni. Àyà ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dọ̀ ni èyí wọ̀ sí, kò húkọ́, kò tutọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn níbòmíràn. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń wò ó sàn. Tó bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn yóò dá a padà sórí oògùn kòkòrò éèdì.

"Àgbo yín kò ran ẹ̀dọ̀ náà lọ́wọ́, Màmá," ó ní. "Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pa á."

Mo da ìyókù sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Èkúté tó ń gbé ibẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, mo bi Dókítà ní ìbéèrè kan, ohùn mi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Mo ní, tí yìgì bá so, bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Zeenat fi báàgì bo ojú. Dókítà yọ gíláàsì, ó dá mi lóhùn bí àgbà: kó kọ́kọ́ lágbára, kó máa lo oògùn rẹ̀ láìfo ọjọ́ kan, tó bá yá wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí kòkòrò bá ti sùn fọnfọn tí wọn kò rí i mọ́, kò ní lè ràn mí. Títí di ìgbà náà, rọ́bà. Ìyá kan tó dùbúlẹ̀ nítòsí ní, Dókítà, ẹ tún un sọ, òun kò gbọ́ ti ìparí.

Bàrígà ni Ràmọ́nù wà báyìí, iwájú ilé wọn, ẹran sì ti ń padà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Zeenat gbé àga méjì síta fún wa. Tí mo bá parí iṣẹ́, mo máa ń wọ kéké lọ, mo máa ń ra àgbàdo sísun dání. Lójú mi ló ti ń lo oògùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó rí i pé ìwé ya mí níka, ó sì na ọwọ́ láti gbà á bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé mo fà á. Èmi yìí, tí mo pariwo bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo díbọ́n pé eṣinṣin ni mò ń lé. Ó wo eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sí itan.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń rí ọwọ́ yẹn lórí itan rẹ̀. Lánàá, mo tún lọ. Mo fi òrí sínú báàgì. A jẹ àgbàdo, a sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, a sọ̀rọ̀ òjò. Àlàfo tó wà láàárín àga méjèèjì kò ju kí ọmọ kan gbà á kọjá. Ó jẹ àgbàdo tirẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó gbá ìsàlẹ̀ àga rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ gbé e, kò sì tíì gbé e.

"Sìmbí," ó ní, "bí mo bá sún wá sọ́dọ̀ rẹ báyìí, ṣé ìwọ náà ò ní sún sẹ́yìn?"